Ẹrẹ̀ Tó Pa Éfésù Náà Ló Pa Á Mọ́

   

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ayẹyẹ ilé-ìwé yìí ní kí n mú ìlú àtijọ́ kan létí òkun, kí n sọ ìtàn rẹ̀, kí n sì ṣàlàyé fún àwọn ọmọ bí àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó bí baba ńlá baba wọn. Éfésù ni mo mú. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ó wà nínú Bíbélì Yorùbá. Ìwé odindi kan wà níbẹ̀ tí a kọ sí àwọn ará ibẹ̀, orí kọkàndínlógún nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sì ròyìn ìjà ńlá tó ṣẹlẹ̀ nígboro wọn. Ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù láti kékeré. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí a sọ irú ìlú tó jẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe jẹun níbẹ̀, àti ìdí tó fi di ahoro, ẹnu lè wọ́lẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Omi ló kọ́ Éfésù, ẹrẹ̀ inú omi ló pa á, ẹrẹ̀ kan náà ló sì pa ìtàn rẹ̀ mọ́ fún wa. Gbogbo àlàyé tó kù, abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ló wà.

Ìlú tó wà lẹ́nu odò

Éfésù wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, nítòsí ìlú kékeré Selçuk. Láyé àtijọ́ àwọn Gíríìkì ló ń gbé etí òkun náà, Ionia sì ni wọ́n ń pe agbègbè yẹn. Odò kan ń ṣàn wá láti àárín ilẹ̀. Cayster lorúkọ rẹ̀ nígbà náà. Küçük Menderes ni àwọn ará Tọ́kì ń pè é báyìí. Ibi tí odò yìí ti ń wọ òkun ni ìlú náà wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi odò yìí sọ́kàn.

Ìtàn ìwáṣẹ̀ wọn sọ pé Androclus, ọmọ Codrus ọba Áténì, ló kó èèyàn sọdá òkun wá tẹ ibẹ̀ dó. Òrìṣà tí wọ́n wádìí lọ́dọ̀ rẹ̀ ti sọ pé ẹja àti ìmàdò ni yóò fi ibi tí wọn yóò jókòó sí hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, àwọn apẹja kan ń yan ẹja létí omi. Ẹja kan ta kúrò lórí iná, ó gbé ẹyin iná lọ sínú koríko, igbó gbiná, ìmàdò sá jáde. Androclus gbá a tẹ̀lé, ó pa á. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí.

Awalẹ̀pìtàn kì í gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mì, kì í sì í dà á nù. Ohun tí wọ́n hú lórí òkè Ayasuluk ní Selçuk fi hàn pé èèyàn ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí Gíríìkì tó dé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni Apasa, olú ìlú ìjọba Arzawa, tí àkọsílẹ̀ àwọn ará Híttì dárúkọ ní ohun tó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn ìwáṣẹ̀ a máa sọ ẹni tó joyè fún wa; ilẹ̀ ló máa ń sọ ẹni tó bá nílé.

Ilé Artemis

Òrìṣà obìnrin tí ìlú náà fi ń yangàn ni Artemis. Dáyánà ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí. Ní àárín ọ̀rúndún kẹfà kí a tó bí Jésù, Croesus ọba Lydia, ẹni tí wọ́n ń fi ọrọ̀ rẹ̀ dáṣà, dá owó tó tóbi sí i láti fi òkúta mábù kọ́lé fún un. Chersiphron àti Metagenes ọmọ rẹ̀, àwọn ará Knossos ní erékùṣù Kírétè, ni ọ̀gá àwọn akọ́lé. Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n kọ́ ọ sí. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù, sọ ìdí rẹ̀: wọ́n rò pé ilẹ̀ rírọ̀ yóò gba ilé náà lọ́wọ́ ilẹ̀ mímì, nítorí pé agbègbè náà kì í pẹ́ mì. Ó ní wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ èédú tí wọ́n gún sábẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n sì tẹ́ awọ àgùntàn tòun ti irun rẹ̀ lé e. Èmi a máa ronú lórí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn. Wọn kò ní ẹ̀rọ, wọn kò ní símẹ́ńtì, wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ń mì, wọ́n mọ̀ pé omi wà lábẹ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n wá ọgbọ́n sí i.

Lọ́dún 356 kí a tó bí Jésù, ọkùnrin kan dáná sun ilé náà. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní kí orúkọ òun má baà parun láyé ni. Àwọn ará Éfésù pa á, wọ́n sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá orúkọ rẹ̀ mọ́. Òpìtàn Gíríìkì kan ló tú àṣírí náà sínú ìwé tirẹ̀. Èmi fara mọ́ òfin àwọn ará Éfésù. Orúkọ ọkùnrin náà kò ní jáde lẹ́nu mi níbí.

Wọ́n tún ilé náà kọ́. Alẹkisáńdà Ńlá, ọba Makedóníà, dé ibẹ̀ lọ́dún 334 kí a tó bí Jésù, ó ní òun yóò san gbogbo owó rẹ̀ bí wọ́n bá lè kọ orúkọ òun sára ilé. Wọn kò fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì fẹ́ mú ọba bínú. Ọ̀kan nínú wọn ní kò yẹ kí òrìṣà máa kọ́lé fún òrìṣà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Ilé tuntun yìí ni wọ́n kà mọ́ ohun ìyanu méje inú ayé. Òpó 127 ni Pliny kà fún un, gíga òpó kọ̀ọ̀kan sì súnmọ́ mítà 18. Yàtọ̀ sí ìsìn, ibẹ̀ ni èèyàn ń fi owó pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n ń lé ń sá sí.

Ìlú ń sá tẹ̀lé òkun

Wàyí o, odò Cayster ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣán igbó ní òkè odò, tí wọ́n ń gé igi, tí ẹran ń jẹ koríko tán, bẹ́ẹ̀ ni òjò ń gbá iyẹ̀pẹ̀ wọnú odò. Gbogbo ẹni tó bá ti rí oko orí òkè lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́rọ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Odò ru iyẹ̀pẹ̀ náà dé ẹnu òkun, ó gbé e kalẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ilẹ̀ ń yọrí níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀. Pliny sọ pé òkun ti fìgbà kan rí ń kan ilé Artemis lẹ́sẹ̀. Nígbà ayé tirẹ̀, omi ti jìnnà síbẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà le ni Lysimachus, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Alẹkisáńdà, di ọba agbègbè yẹn. Ní nǹkan bí ọdún 290 kí a tó bí Jésù, ó pinnu láti kó gbogbo ìlú lọ sáàárín òkè méjì kan tí èbúté tó jinlẹ̀ wà nísàlẹ̀ wọn. Ó mọ odi yí i ká, gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 9. Àwọn ará ìlú kọ̀, wọn kò kúrò nílé baba wọn. Strabo, ọmọ Gíríìkì tó kọ ìwé lórí àwọn ìlú ayé, sọ ohun tí ọba ṣe. Ó dúró de òjò ńlá, ó di ojú gọ́tà gbogbo, omi ya wọlé. Nígbà náà ni wọ́n gbéra. Ó sọ ìlú tuntun náà ní orúkọ ìyàwó rẹ̀, Arsinoe, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò pẹ́ lẹ́nu ará ìlú. Éfésù ni Éfésù ń jẹ́.

Ìtàn tó tẹ̀ lé e yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ẹnjiníà gbọ́ dáadáa. Attalus Kejì, ọba Pergamum, ló ni ìlú náà ní ọ̀rúndún kejì kí a tó bí Jésù. Èbúté tuntun ti ń dí, ọkọ̀ ńlá kò rọ́nà wọlé mọ́. Ọba àti àwọn akọ́lé rẹ̀ rò ó pé bí wọ́n bá mú ẹnu èbúté há, inú rẹ̀ yóò jìn. Wọ́n kó òkúta sínú òkun, wọ́n mọ odi síbẹ̀. Òdìkejì ohun tí wọ́n rò ló ṣẹlẹ̀. Strabo ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké: tẹ́lẹ̀, bí omi òkun ṣe ń wọlé tó ń jáde ló ń gbá ẹrẹ̀ lọ sójú agbami, nígbà tí wọ́n há ẹnu rẹ̀, ẹrẹ̀ tó bá wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Èbúté tí wọ́n fẹ́ wò sàn ni wọ́n dá kún àìsàn rẹ̀. Àwọn èèyàn náà kì í ṣe òpè. Wọ́n wo ẹnu èbúté, wọn kò wo odò.

Iṣẹ́ èbúté, ìdí pẹpẹ

Lọ́dún 133 kí a tó bí Jésù, Attalus Kẹta kú, ó fi ìjọba rẹ̀ jogún fún Róòmù. Láti ìgbà náà ni ògo Éfésù ti búyọ. Ó di ìlú tó lágbára jù lọ ní ìgbèríko Éṣíà, débi pé nígbà tó yá, òfin ní gómìnà tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Éfésù kó tó débòmíràn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé òkúta kan wà tó sọ ìtàn àwọn ẹlẹ́ja ibẹ̀? Ní àárín ọ̀rúndún kìíní, nígbà ayé Nero, Késárì Róòmù, àwọn apẹja àti àwọn tó ń ta ẹja dáwó jọ, wọ́n kọ́ ilé owó-bodè kan sí èbúté. Wọ́n fín orúkọ olúkúlùkù sára òkúta àti ohun tó dá. Ẹnìkan dá òpó, òmíràn dá owó. Kò sí òpìtàn kan tó dárúkọ wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, tiwọn sì ti yè ju ti ọ̀pọ̀ ọlọ́lá lọ.

Ìjà tí Bíbélì ròyìn náà, ọ̀rọ̀ ọjà wà nínú rẹ̀. Demetrius àti àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ń rọ ère ilé Artemis tà fún àwọn tó ń wá jọ́sìn. Ìdí pẹpẹ la ti ń jẹ. Nígbà tí ìwàásù Pọ́ọ̀lù fẹ́ ba ọjà jẹ́, ariwo sọ, gbogbo ìlú rọ́ lọ sí pápá ìwòran. Pápá náà ṣì wà níbẹ̀ lónìí, ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Àwọn tó wọn ìjókòó rẹ̀ ní yóò gba èèyàn bí 24,000. Láti iwájú rẹ̀, ọ̀nà gbọọrọ kan sọ̀ kalẹ̀ tààrà sí èbúté. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ báyìí tó wo ìsàlẹ̀, esùsú àti oko ni yóò rí. Òkun ti lọ jìnnà, ó lé ní kìlómítà 5 síbẹ̀.

Róòmù bá ẹrẹ̀ jà tipátipá. Gómìnà Barea Soranus gbẹ́ èbúté náà nígbà ayé Nero. Tacitus òpìtàn sì sọ pé iṣẹ́ rere yìí wà lára ohun tó mú Késárì kórìíra rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejì, gómìnà mìíràn, Lucius Antonius Albus, fín àṣẹ sára òkúta. Ó kìlọ̀ fún àwọn tó ń kó igi àti òkúta jọ sétí èbúté, àti àwọn tó ń rẹ́ mábù síbẹ̀ tí wọ́n ń da ìyẹ̀fun rẹ̀ sómi. Nítorí náà odò nìkan kọ́ ló ń dí èbúté. Ọmọ ìlú ń bá a dí i. Késárì Hadrian tiẹ̀ yí odò náà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ lọ́dún 129. Àwọn ará ìlú fín ọpẹ́ wọn sára òkúta fún un. Odò náà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ilé ìkàwé Celsus ni fọ́tò rẹ̀ wọ́pọ̀ jù. Aquila ló kọ́ ọ ní ìrántí Celsus baba rẹ̀, tó ti jẹ́ gómìnà, ó sì sin baba náà sí abẹ́ rẹ̀. Ojú ilé náà ti wó lulẹ̀ pátápátá. Àwọn awalẹ̀pìtàn Ọ́sítríà ló to ó padà, òkúta lórí òkúta, ní àwọn ọdún 1970.

Bí wọ́n ṣe rí ohun tó sọnù

Àwọn Goth, ẹ̀yà jagunjagun kan, jalè wọ ilé Artemis ní ọ̀rúndún kẹta. Ìsìn Krìstẹ́nì gbòde. Lọ́dún 431 àwọn bíṣọ́ọ̀bù láti ilẹ̀ púpọ̀ péjọ sí Éfésù láti jiyàn lórí ipò Màríà ìyá Jésù. Àwọn ọ̀mọ̀lé kó òkúta ilé Artemis lọ. Odò sì da ẹrẹ̀ bo ìyókù, títí kò fi sí ẹni tó mọ ibi tó wà.

John Turtle Wood, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Tọ́kì láti yàwòrán ibùdókọ̀ rélùweè. Lọ́dún 1863 ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé Artemis, ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù sì ń ràn án lọ́wọ́. Ó gbẹ́ ibí, ó gbẹ́ ọ̀hún, kò rí i. Ibà dá a dúbúlẹ̀, owó tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wú pápá ìwòran, ó bá ọ̀rọ̀ gígùn kan lára ògiri. Ọlọ́rọ̀ kan, Gaius Vibius Salutaris, ló fi àwọn ère tọrẹ lọ́dún 104, ó sì là á sílẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa gbé wọn káàkiri ní ọjọ́ ọdún: láti ilé Artemis, gba ẹnubodè Magnesia wọlé, dé pápá ìwòran, kí wọ́n gba ẹnubodè Coressus jáde padà. Wood kà á, ó sì mọ ohun tó kàn. Ó wá ẹnubodè Magnesia títí ó fi rí i, ó sì ń tẹ̀ lé ojú ọ̀nà tó jáde níbẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1869, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ mábù ilé Artemis. Ó lé ní mítà 6 nísàlẹ̀ oko àwọn àgbẹ̀. Àwọn baba wa ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Fún Wood, ìròyìn ló mú un dé ibi àfojúbà.

David Hogarth, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún gbẹ́ ibẹ̀ ní 1904 sí 1905. Lábẹ́ ilé Croesus ó bá wúrà, eyín erin, àti owó ẹyọ tó wà lára èyí tó pẹ́ jù lọ tí ayé tíì rí. Àbàtà tí wọ́n fi dènà ilẹ̀ mímì ló gbé wọn pamọ́.

Àwọn ará Ọ́sítríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn ní 1895 pẹ̀lú Otto Benndorf. Iṣẹ́ tó wú mi lórí jù nínú ti òde òní kò ní wúrà nínú rárá. Helmut Brückner, onímọ̀ ilẹ̀ ará Jámánì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi páìpù gún ilẹ̀ èbúté náà, wọ́n ń fa ẹrẹ̀ jáde ní ìpele-ìpele. Ìkarahun sọ fún wọn ibi tí omi iyọ̀ parí sí. Àtíkè òdòdó sọ igi tí wọ́n ń gbìn. Òjé sọ ìgbà tí iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nílùú. Ẹyin aràn inú ìfun sọ pé gọ́tà ń ṣàn wọ èbúté. Ẹrẹ̀ tí Attalus fẹ́ fi odi lé lọ, tí Hadrian yí odò torí rẹ̀, òun ni onímọ̀ ń kà báyìí bí ẹni ka ìwé.

Ní 2022 àwọn awalẹ̀pìtàn Ọ́sítríà tún ròyìn ohun mìíràn. Wọ́n wú àdúgbò kan tí iná jó wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó ẹyọ tí wọ́n bá níbẹ̀ fi hàn pé ọdún 614 tàbí 615 ni. Àwọn ìsọ̀ ni: ilé oúnjẹ, ìsọ̀ àtùpà, ìsọ̀ ohun ìrántí àwọn tó ń rìnrìn-àjò ìsìn wá. Abọ́ tí ìkarahun ṣì wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò ẹja oníyọ̀. Nínú ìsọ̀ kan, ìgò kékeré tí wọ́n fẹ́ tà fún àwọn arìnrìn-àjò tó nǹkan bí 600. Ẹni tó ni wọ́n kò padà wá kó wọn. Láìpẹ́ sígbà náà ni àwọn tó kù padà sórí òkè Ayasuluk, níbi tí èèyàn ti kọ́kọ́ gbé. Nígbà tó yá, àwọn Mùsùlùmí jogún òkè náà. Mọ́ṣáláṣí Isa Bey, tí wọ́n kọ́ ní 1375, ní òpó Éfésù àtijọ́ nínú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú. Òkúta Éfésù wà ní Selçuk, ó wà ní Vienna, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù kan náà tó gba iṣẹ́ Wood sílé ni ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní 1938 wà. Mo dúpẹ́ pé wọn kò jẹ́ kó bàjẹ́. Síbẹ̀ ó ń dùn mí pé ọmọ Selçuk tàbí ọmọ Ifẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ bàálù kó tó rí ohun tí wọ́n wú lẹ́yìnkùlé baba rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá wa fi ìmọ̀ béèrè rẹ̀. Lọ́dún 2015 àjọ UNESCO kọ Éfésù mọ́ ohun ìní gbogbo ayé.